Àyẹ̀wò Ọdún 2024: Òru Iléyá tí A Fi Wo Le Mans

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń lọ sópin, mo máa ń to àwọn oṣù lẹ́sẹẹsẹ láti Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ, n ó sì sọ ohun tí ojú mi rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún yìí, kò ṣeé ṣe. Òru kan ṣoṣo ni ó gba gbogbo ọdún náà mọ́ mi lọ́wọ́: òru ọjọ́ 15 oṣù Òkúdu mọ́jú ọjọ́ 16, tí í ṣe ọjọ́ Iléyá, nígbà tí ìdíje ọkọ̀ oníwákàtí 24 ti Le Mans ń lọ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Faransé, tí èmi, Àdùkẹ́ àti Bọ̀ọ̀dá Ràímì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ṣómólú, tí àgbò Bọ̀ọ̀dá sì wà lórí ìso lẹ́yìn wa.

Ẹ kò ní gbàgbé ìlànà wa. Awakọ̀ mẹ́ta ni ó ń pín ọkọ̀ kan wà ní Le Mans, òfin sì sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láàárín wákàtí mẹ́fà, àròpọ̀ tirẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 14. Àwa náà jẹ́ mẹ́ta, a sì ń pín òru. Àdùkẹ́ a gba ìrọ̀lẹ́, èmi a gba ààjìn, Bọ̀ọ̀dá a gba ìdájí nítorí pé ìrun àsùbáà kì í jẹ́ kí ó sùn pẹ́. Ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò máa kọ ipò àwọn ọkọ̀ LMGT3, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ọkọ̀ eré ìje tí ó jọ irú èyí tí a ń rí nígboro, sínú ìwé wa ní wákàtí wákàtí. Bọ̀ọ̀dá kì í kọ orúkọ ikọ̀, kì í sì í kọ orúkọ awakọ̀. Nọ́ńbà nìkan ni ó ń kọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àwọn oníbàárà sí ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀ ní Múṣin.

Ọdún 2024 yìí ni ìsọ̀rí LMGT3 kọ́kọ́ wọ WEC, ìdíje àgbáyé ti eré ọkọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí Le Mans wà lára rẹ̀, tí ó rọ́pò ìsọ̀rí GTE tí ó parí sí Bahrain ní oṣù Bélú ọdún 2023. (Àwọn Iron Dames, ìyẹn Sarah Bovy, Michelle Gatting àti Rahel Frey, ni ó borí nínú ìsọ̀rí náà lọ́jọ́ yẹn. Ikọ̀ tí ó jẹ́ kìkì obìnrin kò borí bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje náà, Àdùkẹ́ sì pariwo débi pé ìyá onílé sáré wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀.) Irú ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ìsọ̀rí tuntun náà fún gbogbo sáà, méjì-méjì, Lexus sì wà lára wọn. Ti Lexus ni Bọ̀ọ̀dá ń ṣe. Ó ní ọkọ̀ tí òun bá mọ inú rẹ̀ ni òun ń tẹ̀lé. Nínú ìdíje mẹ́jọ tí wọ́n ṣe, Lexus kò borí nínú ẹyọ kan, Bọ̀ọ̀dá kò sì yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó tún fẹ́ràn ni òfin tí ó ní kí ikọ̀ LMGT3 kọ̀ọ̀kan ní awakọ̀ onípò Bronze, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ọkọ̀ wíwà ni ó fi ń jẹun. Èmi náà gbà pé òfin yìí ni iyì ìdíje náà. Àwọn ògbóǹtarìgì méjì lè sá eré bí ó ti wù wọ́n, ọwọ́ oníṣòwò tí ó jókòó sídìí ọkọ̀ lẹ́yìn wọn ni àbájáde iṣẹ́ wọn sábà máa ń wà.

Òjò kò jẹ́ kí Le Mans gbádùn lóru náà. BMW nọ́ńbà 46 tí Valentino Rossi, ọba alùpùpù àtijọ́, wà nínú ikọ̀ rẹ̀ ti jáde lẹ́yìn tí Ahmad Al Harthy fi kọlu ìdènà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ó kàn mí, omi ti pọ̀ lójú ọ̀nà oníkìlómítà 13.626 náà débi pé wọ́n rán ọkọ̀ ààbò jáde, èyí tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò kọjá ẹnì kejì. Mo rò pé kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Inú bí mi gan-an, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ ń jó, dátà sì ń lọ, iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú òjò nìkan ni a sì ń rí.

Bọ̀ọ̀dá jáde wá fún àgbò rẹ̀ lómi. Kò tíì kàn án, ṣùgbọ́n ó fa àga, ó sì jókòó. Ó ní kí n yé bínú, kí n wo bí wọ́n ṣe ń já ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì: táyà tí ó bá tutù kò ní di ilẹ̀ mú, àyè kò sì sí láti mú un gbóná kí wọ́n tó dè é mọ́ ọkọ̀, nítorí òfin ti fòfin de irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò fún un tẹ́lẹ̀. Ó ní búrèkì náà ń tutù, ojú awakọ̀ ń wúwo, kò sì sí ẹni tí ó ń sinmi nínú wọn. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ń tún ọkọ̀ ṣe, òun kò ní ọkọ̀ tòun rí. Ti oníbàárà ni òun máa ń dán wò láti Múṣin dé Oṣòdì, kí òun tó dá a padà fún olówó rẹ̀. Kò fi ìbànújẹ́ sọ ọ́. Ó ní bí wọ́n bá ń wá awakọ̀ onípò Bronze ní Èkó, kí n mú wọn wá sí ìsọ̀ òun.

Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ààbò kúrò lójú ọ̀nà, Bọ̀ọ̀dá wọ agbádá funfun rẹ̀, ó gba Yídì lọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán wa ni ìdíje náà parí, ẹran ti ń dín lórí iná nígbà náà. Ferrari nọ́ńbà 50 ni ó borí gbogbo wọn. Ní ìsọ̀rí tiwa, Porsche nọ́ńbà 91 ti ikọ̀ Manthey ni: Richard Lietz tí ó ti gbó nínú iṣẹ́ náà, Morris Schuring ọmọ ọdún 19, àti Yasser Shahin, oníṣòwò ará Ọsirélíà. BMW nọ́ńbà 31 ṣe ìkejì, Ford Mustang nọ́ńbà 88 ṣe ìkẹta. Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ tí ó kún fún òróró ẹran kọ 91 sínú ìwé wa. Òróró náà ti mu dé ojú ewé mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e.

Ọjọ́ kìíní oṣù Owéwe ni a jọ wo ìdíje kẹ́yìn, ti Austin ní Texas, tí Aston Martin nọ́ńbà 27 ti Heart of Racing borí ní ìsọ̀rí tiwa. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá gbọ́ pé ikọ̀ náà ń kó owó jọ fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ó ṣàdúà fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní orí ń fọ́ òun. Ìdájí ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n pè wá láti ilé ìwòsàn, a sì ti sin ín kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó. Fídáù ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ ìdíje Fuji, níbi tí Klaus Bachler, Alex Malykhin àti Joel Sturm ti gba ife-ẹ̀yẹ ọdún ti ìsọ̀rí wa pẹ̀lú Porsche nọ́ńbà 92. N kò wò ó. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni mo wà láti aago mẹ́ta òru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbò náà fún yín dípò èyí. Nínú òru Le Mans, tí gbogbo wa tẹjú mọ́ ọkọ̀ ààbò, ó na ọrùn, ó sì gé igun kan jẹ nínú ìwé wa. Àdùkẹ́ figbe ta. Bọ̀ọ̀dá yẹ ìwé náà wò, ó ní kí a fi sílẹ̀, pé olóyè ti buwọ́ lù ú. Igun náà ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá owó fún fídáù náà, àti ẹ̀yin tí ẹ fi dátà ránṣẹ́ sí wa fún ìdíje Bahrain ní ọjọ́ kejì oṣù Bélú, nígbà tí lítà epo kan ti lé ní 1,000 náírà tí n kò sì mọ̀ bóyá mo fẹ́ wò ó rárá. Ferrari nọ́ńbà 55 ni ó borí ní ìsọ̀rí tiwa. A ò tíì wò ó jìnnà tí Mùfútáù, ọmọ iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá, fi wọlé láìjẹ́ pé a pè é, ó jókòó sórí àga ọ̀gá rẹ̀, ó béèrè bírò, ó sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Nọ́ńbà nìkan.

Wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ sáà ọdún 2025 sí ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ní Qatar, wọ́n sì fi Le Mans sí ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Òkúdu. Àdùkẹ́ ti pín òru. Ó kọ orúkọ Mùfútáù sí ìdájí, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́.