Àpótí Ìyá Àgbà di kọ́tìnnì: àkọsílẹ̀ títú ilé kí òjò tó dé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó fi eruku sílẹ̀ fún mi. Ojú ọ̀nà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí ni ilé wa wà ní Obáńtokò, l'Abẹ́òkúta. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà àti èyí tí ọ̀kadà ń tú sókè, pálọ̀ mi ni wọ́n ti ń pàdé. Mo fẹ́ tú ilé yìí kí òjò tó dé, torí ohun tó bá tutù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ìyẹn, kàkà kó gbẹ, èbu ló máa hù.

Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbá jànkárìwọ̀ kúrò lára àjà, ó wá kan fáànù. Àpò ìrọ̀rí tó ti gbó ni mo kì bọ apá fáànù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fà á bọ̀, gbogbo eruku sì wà nínú àpò. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá mo da omi sí i kí n tó gbọ̀n ọ́n, eruku di ẹrẹ̀ sínú ihò rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín ni mo fi ń yọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ̀n ọ́n ní gbígbẹ ná.

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mo rí abọ́ ike 14 tí wọ́n fún wa níbi ìnáwó, orúkọ tọkọtaya wà lára gbogbo rẹ̀. Méjì nínú àwọn tọkọtaya yẹn ti kọ ara wọn sílẹ̀. Abọ́ wọn ò tiẹ̀ sán.

Ìwé ìròyìn Bàbá Tómiwá ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ó ní Abẹ́òkúta níbí ni Townsend, òyìnbó míṣọ́nárì, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá ní 1859, pé ọmọ ìlú yìí kì í da ìwé ìròyìn nù. Mo ní kó bá mi wá ti Townsend jáde nínú òkìtì yẹn, màá fi gíláàsì bò ó. Èyí tó kù la fi nu fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú

Màámi yà wá wò nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹrù tí mo kó síta de oníkọ́ńdẹ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọn ò tíì jókòó.

"Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ́ ti jẹ́ tí abọ́ tánganran mi fi wà níta?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ó ti lu nídìí ni."

"Ṣé omi lo fẹ́ fi pọn ni? Gààrí ò lè jò níbẹ̀."

Wọ́n gbé e wọlé padà. Wọ́n tún gbé ìkòkò irin kan àti àga tí kò ní ẹsẹ̀ kẹrin. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n fa àpótí Ìyá Àgbà jáde, pé tí mo bá ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ nìyẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbálẹ̀ yí àpótí yẹn ká.

Adìrẹ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Eku ti jẹ etí méjì, èbu sì ti sàmì sí ọ̀kan. Ẹlẹ́kọ ni gbogbo wọn. Màámi fi ìka tọ àwọn ìlà rẹ̀, wọ́n ní Ìyá Àgbà kì í lo páànù gígé táwọn ọkùnrin fi ń tẹ ọ̀nà sáṣọ, pé ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọnú ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n á fi kọ ọ́ lórí tábìlì. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ̀ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́rú

Fífọ̀. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kò sí fífún. Aró ṣì ń yọ lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí: omi kẹta ló tó mọ́, èékánná mi sì di ti aláró. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo sá wọn sí kí oòrùn má baà tún mú kí wọ́n ṣá sí i.

Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Ẹtì

Mo fẹ́ fi mẹ́ta tó dára jù ṣe kọ́tìnnì fún fèrèsé mẹ́ta. Ẹlẹ́kọ àtijọ́ kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo, apá méjì ni, ìkọ̀ọ̀kan yáàdì 2½, tí wọ́n rán pọ̀ láàárín. Tí mo bá tú ojú rírán yẹn, aṣọ kan á fún mi ní kọ́tìnnì ọ̀tún àti ti òsì láì lo sísọ́ọ̀sì.

Mo fi abẹ́rẹ́ tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣí ibi tí wọ́n ká sínú, mo dáwọ́ dúró. Aró ibẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń dán bí ìyẹ́ ẹyẹ, oòrùn kò rí i rí. Èyí tó wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run lọ́sàn-án. Mo pe Màámi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò aró nìyẹn." Wọn ò sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mi ò ká etí yẹn padà sínú. Mo jẹ́ kí ó hàn gbangba ní ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́rú funfun ni mo fi tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, torí ojú kan ni wọ́n máa ń kọ ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ a máa dúdú lásán, ẹ̀yìn yẹn ni oòrùn òwúrọ̀ á sì máa bá jà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Fèrèsé méjì ti wọ aṣọ. Nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀wààrà àkọ́kọ́ dé, ìjì ló ṣáájú rẹ̀, páànù ń pariwo. Ó jò níbi méjì, ọ̀kan gan-an lókè ibi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀. Abọ́ tánganran Màámi ni mo sáré gbé sábẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ lu, òótọ́ ni, torí náà mo ní láti gbé garáwa sábẹ́ abọ́ náà.

Kọ́tìnnì kẹta kúrú ní ìka mẹ́rin. Etí tí eku jẹ ni mo gé kúrò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá lọ ọjà Ìtòkú lọ wá tẹ́rú tí màá fi gùn ún.