Ìdọ̀tí Aachen, Ìdọ̀tí Ìbàdàn

Ẹni tó bá ní Jámánì mọ́ ju Nàìjíríà lọ, mi ò ní bá a jiyàn. Aachen, ìlú Jámánì tí mo ti ń kàwé, mọ́ lóòótọ́. Àlàyé tí àwọn ará ilé máa ń fi tì í lẹ́yìn lórí fóònù ni mi ò gbà: pé òyìnbó kì í ṣe ọ̀bùn, pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ìmọ́tótó wà. Ẹ wá wo àyíká ibùdókọ̀ rélùwéè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti fi òru mọ́jú nídìí ọtí: agolo bíà, àfọ́kù ìgò, bébà oúnjẹ, èébì pàápàá. Ká tó mọ̀ọ́, wọ́n ti gbá gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń gbá a ń gbowó oṣù wọn lásìkò, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó o lọ ní epo nínú. Kò sí ti ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ àyíká ni mo wá kọ́. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń yọ májèlé kúrò nínú omi, àti bí a ṣe ń jó pàǹtí kí ó di iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù jọ ń lò ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Garawa mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ti bébà, ti ike àti agolo, ti èèpo àti àjẹkù, àti ti ìdọ̀tí tí kò bá sí èyí tó gbà á nínú mẹ́ta yẹn. Ìgò kò ní garawa nínú ilé. Ìta la ń gbé e lọ, sínú àpótí ńlá tó wà lẹ́bàá títì, funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, aláwọ̀ ilẹ̀ lọ́tọ̀. A ò sì gbọ́dọ̀ jù ú síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí ariwo má baà dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ ìsinmi. (Ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ọjọ́ Àìkú gan-an ni ariwo ń pọ̀ jù, kì í sì í ṣe ti ìgò.)

Garawa kẹrin yẹn ló ń náni lówó. Bí ti ilé bá ṣe tóbi tó ni owó tí onílé ń san fún ìjọba ìlú ṣe ń lọ sókè, ara owó tí àwa ayálégbé ń san ló sì ti ń yọ ọ́. Nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ kó tètè kún. Ẹ gbowó lórí ìdọ̀tí ará Ìbàdàn báyìí, kí ẹ sì rí i pé ọkọ̀ ń wá kó o lọ́jọ́ tí ẹ dá, ẹ óò rí i pé òun náà mọ ike yàtọ̀ sí èèpo iṣu.

Lórí ike omi àti agolo bíà tí wọn kì í tún lò, ṣọ́ọ̀bù máa ń gba 25 sẹ́ǹtì kún iye ọjà. Ìgbà tí o bá dá a padà sẹ́nu ẹ̀rọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni wàá rí owó rẹ gbà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ilẹ̀ mìíràn ń ya fọ́tò ẹ̀rọ yìí. Èmi ò yà á, torí a mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá rán ẹ pé kí o lọ ra mínírà, ìgò òfo lo máa kọ́kọ́ mú dání. Bí o kò bá ní, ìyá olọ́jà á gba owó ìgò lọ́wọ́ ẹ, ó sì di ìgbà tí o bá mú ìgò rẹ̀ padà wá. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mi ò rántí pé mo rí ìgò mínírà nínú gọ́tà rí láyé ìgbà yẹn.

Ike ló dé tó ba nǹkan jẹ́, àìsàn kan náà ló sì ṣe ìlú méjèèjì. Ní Jámánì náà, àwọn ilé iṣẹ́ ohun mímu ti ń pa ìgò tó ń lọ tó ń bọ̀ tì, torí ike rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Ìjọba ti là á kalẹ̀ ní 1991 pé ìgò tó ṣeé tún lò kò gbọ́dọ̀ dín ní 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó wá dín, wọ́n fi owó ìdápadà ọ̀ranyàn lé ike àti agolo láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2003. Àwọn ilé iṣẹ́ pariwo, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, òfin náà dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgò lọ, ike dé, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti wà ńlẹ̀, kò sí ẹni tó bi ilé iṣẹ́ kankan léèrè ibi tó ń gbà padà. Èkó fòfin de ike oúnjẹ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nì (styrofoam) ní oṣù kìíní 2024. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ṣì ń bá ẹni tó ń ju nǹkan nù wí ju ẹni tó ń ṣe é jáde lọ.

Ohun kan wà tí ìwé kíláàsì kì í sọ. Lálẹ́, bàbá àgbàlagbà kan máa ń kọjá ládùúgbò wa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Á tan án sínú garawa ìta, á na ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, á yọ ike kan, á gbọn omi inú rẹ̀ dànù, á fi sínú àpò rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ò tó o ná. Àwọn tó mọ̀ kì í ju ike sínú garawa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí kí ó má baà di pé ó ń rọ́wọ́ bọ ìdọ̀tí. Mo wò ó, mo sì rántí àwọn ọmọ Hausa tó ń ti ọmọláńkẹ́ kiri àdúgbò wa, tí wọ́n ń ra irin àti páànù tó ti bàjẹ́. Nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì, tálákà ló ń parí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò parí.

Ní ti iná, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Iná kì í lọ níbí. Nígbà tí wọ́n sọ owó iná Band A, ti àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, di 225 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù kẹrin 2024, tí gbogbo ilé ń ké, mo ṣírò rẹ̀: kò tó ìdajì ohun tí à ń san níbí lórí ìwọ̀n kan náà. Àmọ́ ẹ bi mí ibi tí iná Aachen ti ń wá. Ní Weisweiler, tí kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ mànàmáná kan ń jó èédú aláwọ̀ ilẹ̀, kùukùu funfun ń rú jáde lórí rẹ̀ bí ẹ bá ń kọjá lójú títì márosẹ̀. 2029 ni wọ́n ní àwọn máa tì í. Lọ́dún 2018, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì ńlá abúlé Immerath lulẹ̀ kí wọ́n lè wa èédú abẹ́ rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí wọn kò ti jẹ́ ká ju ìgò lọ́jọ́ Àìkú. Èéfín jẹnẹrétọ̀ wa, imú onílé ló ń kó sí. Tiwọn gba òkè lọ, ó di ti gbogbo ayé.

Àgbàrá náà kò mọ ẹni tó mọ́. Wọ́n ní ìdọ̀tí inú odò ló jẹ́ kí Ògùnpa ya wọ ìgboro ní oṣù kẹjọ 1980, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Stolberg, ìlú tó wà nítòsí Aachen, kò ní ìdọ̀tí nínú odò tirẹ̀, omi sì ya wọ̀ ọ́ ní oṣù keje 2021. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi jọra n'Íbàdàn àti níbẹ̀.

Inú yàrá mi, tábìlì, àga àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀bá ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Wọ́n ń gbé e síta, wọn á lẹ bébà mọ́ ọn pé ẹni tó bá wù kó máa gbé e lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, rọ́bà kékeré tó ń fa bébà wọlé ló ti dán borọ́, kò lè di bébà mú mọ́. Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú sípíríìtì nù ún, ó ń tẹ̀wé títí di òní. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò ya ọ̀lẹ. Bó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, owó iṣẹ́ á ju ti tuntun lọ. Àwọn kan ń ṣàtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín oṣù, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣàánú níbí, òun ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bọ́ ọmọ ní Queen Cinema, àdúgbò àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe n'Íbàdàn.

Èyí tí a kò ṣa lẹ́bàá ọ̀nà ń lọ sí Èkó. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún nígbà náà, inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n ń di púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, Jámánì ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù wá. Ó kéré tán 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kí n máa bá àwọn ṣa láptọ́ọ̀pù tó ti kú jọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òfin Yúróòpù kò gbà á, pé èyí tó bá ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti yẹ̀ wò, nìkan ló lè lọ.

"Tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bọ́ọ̀dù ni mò ń wá. Ṣé kí n wá máa fọ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni?"

Òfin náà dára. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi iná jó kí wọ́n lè yọ kọ́pà inú wáyà, mo sì mọ ibi tí májèlé rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òfin dí mọ́ pàǹtí, òun náà ni ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò ń gbà wọlé. Wọ́n bi mí bóyá àwọn tó ṣòfin bi oníṣẹ́ kankan léèrè, wọ́n ní kí n kọ ìyẹn sínú ìwé àṣekágbá mi. Mo ti kọ ọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní òun fẹ́ rí ẹ̀rí, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìwé kan, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá dé orí tábìlì wọn sínú rẹ̀: ohun tó jẹ́, ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀, ẹni tó ra èyí tó kù.