Ojú Owó Stu Ungar

Sátidé, ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, 2025

Ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, 1998 ni wọ́n bá òkú Stu Ungar, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi pókà (eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta) jẹun, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú kan ní Las Vegas, tí wọ́n ń pè ní Oasis Motel. Ẹni ọdún 45 ni. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí $800 lọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún kan ààbọ̀ péré ṣáájú ọjọ́ yẹn ló gba mílíọ̀nù kan dọ́là nídìí káàdì, tí àwọn oníròyìn ń du fọ́tò rẹ̀ yà.

Ìtàn yìí kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni tó ń fi pókà jẹun. Ohun tó ń ká mi lára ni bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní oògùn olóró ló pa á, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọkàn rẹ̀ tí oògùn olóró ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bà jẹ́ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. Ohun tó pa iṣẹ́ náà kò ṣòro fún ìyá aláta kankan láti mọ̀: ọkùnrin yìí ń jẹ ojú owó. Owó tó yẹ kó fi ra ọjà ọ̀la, ó ń ná an lónìí.

Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ o. New York ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1953, eré káàdì tí wọ́n ń pè ní gin rummy ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó na àwọn ọ̀gá eré náà lánàbolẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó mọ́, ni ọjà bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn ló gbé e dé ìdí pókà. Lọ́dún 1980, ó wọ ìdíje àgbà World Series of Poker ní ilé tẹ́tẹ́ Binion's Horseshoe. Àwọn 73 ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Doyle Brunson, tó ti jáwé olúborí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí, ni wọ́n jọ kù sórí tábìlì nígbẹ̀yìn. Ungar borí, ó gba $365,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn 75 ló wọlé, òun náà ló tún gbà á, $375,000. Ó tún ní irú orí kan tí kò wọ́pọ̀: ó bá Bob Stupak, ọ̀gá ilé tẹ́tẹ́ kan, ta á pé wọn ó máa ṣí páálí káàdì mẹ́fà tí wọ́n pò pọ̀, ìyẹn káàdì 312, níkọ̀ọ̀kan, òun ó sì sọ èyí tó kẹ́yìn. Ó sọ ọ́, ó sì tọ̀nà.

Ní 1997, ọkùnrin yìí kan náà kò ní $10,000 tí wọ́n fi ń wọlé. Billy Baxter, tí òun náà ń ta pókà, ló san án fún un nígbà tí ìdíje fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tán, wọ́n sì ṣàdéhùn pé àwọn ó pín èrè sí méjì. Àwọn 312 ló wọlé lọ́dún yẹn. (Iye káàdì inú páálí mẹ́fà gan-an nìyẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ ṣáá ni.)

Ìta gbangba, ní òpópónà Fremont, ni wọ́n gbé tábìlì ìkẹyìn sí. Òun àti John Strzemp ló kù, chip (àmì owó tí wọ́n fi ń ta á) tó wà níwájú Ungar sì pọ̀ ju ti Strzemp lọ dáadáa. Ungar mú Ace àti 4. Strzemp mú Ace àti 8. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí sáàárín ni Ace, 5 àti 3. Kí ìkẹrin tó jáde, gbogbo chip Strzemp ti wọlé tán. Ìkẹrin jáde, 3 mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ ká kà á. Àwọn méjèèjì ló ní Ace méjì àti 3 méjì. Káàdì márùn-ún ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń kà nínú méjì ọwọ́ rẹ̀ àti èyí tó wà láàárín, torí náà ìkarùn-ún tí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá kà ni yóò là wọ́n: Strzemp ní 8, Ungar kò ní ju 5 tó wà láàárín lọ, torí náà Strzemp ló wà níwájú. Ó ku ẹyọ kan tí wọn ó ṣí sáàárín, káàdì 44 ni ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí. Bí 2 bá jáde, Ungar ti to Ace, 2, 3, 4, 5 tẹ̀ léra, ó ti jẹ ẹ́. 2 sì wà mẹ́rin. Bí 4 bá jáde, yóò ní Ace méjì àti 4 méjì, ó tún jẹ ẹ́. 4 kù mẹ́ta. Àpapọ̀ 7. Bí ó bá jẹ́ 9, 10, J, Q tàbí K ló jáde, káàdì náà ju 8 Strzemp lọ, àwọn méjèèjì ni yóò lò ó, wọ́n á sì pín owó náà dọ́gba. Ogún nìyẹn. Fi Ace kan àti 3 méjì tó kù kún un, tí àwọn náà ń mú kí wọ́n pín in, ó di 23. Ìyókù, 5 mẹ́ta, 6 mẹ́rin, 7 mẹ́rin, 8 mẹ́ta, ti Strzemp ni: 14. Nínú 44, Ungar ní 7, Strzemp ní 14, wọ́n sì lè pín in lọ́nà 23.

2 ló jáde.

Àwọn ènìyàn máa ń ní oríire ni. Ó dáa, oríire wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní 6 ló jáde, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀? Ungar ìbá pàdánù ìpín káàdì kan péré ni. Kò ní kúrò nídìí tábìlì, torí chip rẹ̀ ju ti Strzemp lọ. Wọn ó pín káàdì mìíràn, yóò sì tún gbógun dìde. Lórí tábìlì, Ungar ní ojú owó, àdánù kan ṣoṣo kò lè lé e jáde. Tó bá ti dìde kúrò níbẹ̀, kò ní nǹkan kan tó lè gbà á dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1990 tún fi èyí hàn ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta ìdíje àgbà World Series ọdún náà, kò yọjú. Orí ilẹ̀ yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti bá a níbi tó dákú sí, oògùn olóró ti gbé e dè. Chip rẹ̀ sì wà lórí tábìlì. Òfin ìdíje ni pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣì ń san blind, ìyẹn owó ọ̀ranyàn tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Bó bá ti kan àga rẹ̀, ẹni tó ń pín káàdì á mú owó náà nínú chip rẹ̀, á pín káàdì fún un, á sì kó káàdì náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni chip náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó ti kó jọ pọ̀ débi pé ipò kẹsàn-án ló bọ́ sí, wọ́n sì san $25,050. Ọkùnrin dákú, ojú owó ṣì ń bá a ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ojú owó wà fún nìyẹn. Òun ni í mú èèyàn dúró lọ́jọ́ tí nǹkan ò bá gún. Nínú pókà, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù. Nínú ìdíje ńlá, bí ènìyàn 15 nínú 100 ni wọ́n ń san owó fún. Ẹni tó mọ iṣẹ́ gan-an lè fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ nínú ìdíje mẹ́wàá, ó lè tó mẹ́jọ tí yóò ti padà sílé lọ́wọ́ òfo, láìṣe àṣìṣe kankan. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í fi wọ ìdíje $100 bí wọn ò bá ní $10,000 ó kéré tán tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Bí èrò ìdíje náà bá pọ̀ gan-an, $20,000. Tábìlì owó ojú ẹsẹ̀, níbi tí chip ti jẹ́ owó gidi tí èèyàn sì lè dìde nígbà tó bá wù ú, rọjú díẹ̀. Níbi tí blind ti jẹ́ $2 àti $5, $500 ni wọ́n sábà fi ń jókòó. Ẹni tó ní irú rẹ̀ 30 sí 50, ìyẹn $15,000 sí $25,000, lè máa sùn lóru. Owó ilé àti owó oúnjẹ kò sí nínú ìyẹn o. Ti oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì mìíràn, tí ọwọ́ ò ní kàn án.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìsọ̀kalẹ̀. $25,000 ẹni ti di $10,000. Ohun tó tọ́ ni kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí tábìlì $1 àti $3, kó tún un kọ́ láti ìsàlẹ̀. Ojú á máa tì í. Àwọn tó ń pè é ní ọ̀gá wà níbẹ̀. Á wá lọ sókè dípò ìsàlẹ̀, sí $5 àti $10, kó lè rí owó náà gbà padà kíákíá, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà á máa pe ọ̀rẹ́ lórí fóònù pé kí wọ́n yá òun lówó. Kì í ṣe káàdì ló pa á, ojú àwọn ènìyàn ni.

Owó kékeré tún ń jò níbi tí a kì í wò. Nílé tẹ́tẹ́, nǹkan bí ìgbà 30 ni wọ́n ń pín káàdì ní wákàtí kan. Bí ẹnì kan bá jẹ mẹ́ta níbẹ̀, tí ilé yọ $5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì fún ẹni tó ń pín káàdì ní $1, $18 ti lọ ní wákàtí kan. Ẹni tí kò bá kọ wákàtí tó fi jókòó, ibi tó jókòó sí, iye tó mú wọlé àti iye tó mú jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè mọ̀ bóyá ó ń jèrè. Á kàn máa rántí ọjọ́ tó dùn ni.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé owó kalẹ̀ fúnni náà ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe owó wọn ni wọ́n ń ta. Bí olówó bá san ìdíje $10,000 mẹ́fà fún ẹnì kan, tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀, gbèsè $60,000 ti wà nílẹ̀. Ó wọ ìkeje, ó gba $80,000, àwọn ará ilé ń jó. Olówó á kọ́kọ́ kó $70,000 tó ti san. $10,000 tó kù ni wọ́n á pín, $5,000 ni tirẹ̀. Bó bá sì sá fi olówó sílẹ̀ láìsan gbèsè, òkìkí rẹ̀ á kàn ká, kò sẹ́ni tí yóò fọkàn tán an mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí èèyàn ta nínú ìpín ara rẹ̀ ṣáájú. Nínú $10,000, $100 ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá gbà pé ó mọ iṣẹ́, ó lè tà á ní $120. Bó ta àádọ́ta, $6,000 ti wọlé, $4,000 péré ni yóò fi kún un. Ìdajì èrè lọ, àmọ́ ojú owó rẹ̀ kò fara gbọgbẹ́, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè bí kò bá rí nǹkan kan mú.

Fún àwọn ènìyàn wa tó ń gbèrò Las Vegas: ìjọba Amẹ́ríkà ń yọ ìpín 30 nínú 100 lára èrè ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ní ìwé owó orí tó yẹ, kò ní san án, torí àdéhùn wà láàárín ìlú méjèèjì. Kí èèyàn ti ro ìyẹn mọ́ iye tí yóò ta nínú ìpín rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ungar kò fi ojú owó pamọ́ báyìí. Owó tó bá pa nídìí káàdì, eré ẹṣin àti tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ló ń gbé e lọ, nídìí ohun tí kò mọ̀ ju ẹlòmíì lọ. Ìgbàkígbà ló máa ń fi gbogbo ohun tó ní ta tẹ́tẹ́. $500,000 tó kàn án ní 1997 kò pẹ́ rárá tó fi wọmi. Ní 1998, Baxter tún san $10,000 fún un kó lè wá dáàbò bo ipò rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ní ó ti rẹ òun, kò sì jáde ní yàrá. Lóṣù Kọkànlá, wọ́n bá a ní Oasis Motel. Níbi ìsìnkú rẹ̀, Bob Stupak, tí wọ́n jọ ta tẹ́tẹ́ káàdì 312, ló dìde tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wá, kí wọ́n lè rí owó ìsìnkú san.