Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bà á jẹ́
Kí n má parọ́, torí wákàtí ẹ̀kọ́ tí a gbọ́dọ̀ kó jọ lọ́dọọdún ni mo ṣe lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn agbẹjọ́rò lónìí. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń dúró níwájú adájọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi?

Wọ́n ní kí n da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí alátakò. Agbẹjọ́rò kékeré kan ló ṣe ẹlẹ́rìí.

"Alẹ́ ni, àbí?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."
"Òkùnkùn sì ṣú biribiri?"
"Ó ṣú, sà."

Ibi tó yẹ kí n ti jókòó nìyẹn. Ẹnu wá ń yún mi: "Báwo lo ṣe wá rí ojú olùjẹ́jọ́?"

"Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú ni, sà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Báírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo sì ń tìtorí ẹ̀ bá àwọn ọmọ ọ́fíìsì mi wí nìyí o!

Lọ́sàn-án, wọ́n sọ ti àwọn agbẹjọ́rò tí adájọ́ kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé lọ́dún 2023, torí àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí kò wáyé rí, tí ChatGPT (ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé fúnni) hùmọ̀, tí wọ́n tọ́ka sí ní kóòtù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo rọra ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo tún ìwé ẹjọ́ ọ̀la yẹ̀ wò.