Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu: ohun tó ń gbé àrùn wọ oko ẹ̀fọ́

Ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, gba Sàkété àti Pobẹ̀ kọjá, ó sì lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Ọ̀pẹ ni àlejò máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹrù orí ọkọ̀ ni àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ yẹ kó máa wò: apẹ̀rẹ̀ tòmátì, àpò ata, ọmọ irúgbìn tí wọ́n fi ọ̀rá wé gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀. Àwọn kòkòrò kan ń fò dé oko fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ mìíràn, àwa èèyàn la rù ú wọlé.

Ní Àjàṣẹ́, omi ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń gbin gbọ̀mà, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì létí omi máa ń bu omi rin ebè láti inú kòtò tí kò jìn. Nígbà tí odò Ouémé bá kún, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, omi ń gba orí oko kan bọ́ sí òmíràn, ohun tó wà nínú ilẹ̀ ẹnì kan a sì di ti gbogbo àdúgbò. Ibẹ̀ ni tòmátì ti ń rọ lójijì: ewé rẹ̀ ṣì tutù, kò pọ́n, ó sorí kọ́ lọ́sàn-án, ó jí lálẹ́, títí yóò fi di pé kò jí mọ́. Ọ̀pọ̀ a ní òùngbẹ ni, wọ́n a tún da omi sí i. Ẹ má dà á. Ẹ gé igi rẹ̀ nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, kó gùn tó ìka ọwọ́ kan, kí ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ife gíláàsì tí omi mímọ́ wà nínú rẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ gé ṣáà kan omi. Ẹ má mi ife náà. Bí nǹkan funfun bí omi wàrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Ralstonia ni, kò sì sí òògùn tí ẹ lè fọ́n sí i tí yóò wò ó sàn. Bí omi kò bá yí padà, ẹ hú igi náà wo gbòǹgbò. Bó bá wú kókó-kókó, aràn ilẹ̀ tí ojú lásán kò rí ló wà níbẹ̀. Kókó ti ẹ̀wà yàtọ̀ ní tirẹ̀: ìyẹn ṣeé fi ọwọ́ ṣí kúrò lára gbòǹgbò, ti aràn kò ṣeé ṣí.

Igi tó ní Ralstonia, ẹ má fà á tu kí ẹ wá máa gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù káàkiri. Ẹ wa á pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú àpò, kí ẹ gbé e jáde lójú ọ̀nà tí kò gba àárín ebè kọjá. Ẹ má sọ ọ́ sómi. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ rí tòmátì, ata, ìgbá tàbí tábà fún ọdún mélòó kan. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Ibi tí àwọn ará Àjàṣẹ́ ti máa ń ṣìnà nìyí: wọ́n á kó tòmátì kúrò, wọ́n á gbin gbọ̀mà, wọ́n á ní àwọn ti pààrọ̀ ohun ọ̀gbìn. Ẹbí kan náà ni gbọ̀mà àti tòmátì. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń fún àrùn náà.

Ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ kan náà, níbi tí Centre Songhaï, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti ọdún 1985, èyí tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀, wọn kì í ka pàǹtí oko sí ohun àdánù. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ làwọn kan ń mú lọ sílé. Òkìtì pàǹtí tí ẹ fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó 55°C nínú lọ́hùn-ún, kí ẹ sì máa yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ lè dé àárín. Ìgbẹ́ ẹran tútù àti ewé tútù ló ń mú un gbóná. Koríko gbígbẹ nìkan kò lè ṣe é. Òkìtì tó tutù kàn ń tọ́jú àrùn dè yín ni. Ibi tí kò bá dá yín lójú, ẹ má fi igi aláìsàn sí i rárá.

Ẹnu ọ̀nà oko wá ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ni kó jẹ́, bí Kétu ṣe fi Àkábà Ìdènà, ẹnubodè odi ìlú rẹ̀, ṣọ́ ara rẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti garawa omi ọṣẹ síbẹ̀, kí ẹ gbé garawa jáfẹ́lì, omi tí a fi ń bó aṣọ di funfun, tẹ̀ lé e. Bí ara ìgò jáfẹ́lì bá sọ pé 5%, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ 2.6%, ife kan sí mẹ́rin. Ẹrẹ̀ máa ń pa agbára jáfẹ́lì, nítorí náà ẹni tó bá ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ bọ inú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ tó rì í. Ọ̀bẹ àti àdá gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi omi ṣàn wọ́n, kí ẹ sì fi epo pa wọ́n, torí jáfẹ́lì ń dípẹtà sí irin lára. Oòrùn náà ń lé agbára rẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ pò lánàá ti di omi lásán. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọtí kíkan láéláé.

Àwọn ìyálọ́jà ló nira jù. Wọ́n ń ra ebè odidi, wọ́n á wọlé wá gé e fúnra wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ àti apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti gbé lọ sí oko mìíràn láàárọ̀. Ẹ kò lè lé oníbàárà. Ẹ fún wọn ní ọ̀bẹ tiyín, kí ẹ gé ẹrù sínú apẹ̀rẹ̀ oko, kí ẹ dà á sí tiwọn lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa, ẹ dúró níbí, a ó gbé e wá bá yín.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bínú, iṣẹ́ ló dín kù fún wọn.

Sàkété kò dá wa dúró. Ní Pobẹ̀ ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà, kò kan ẹ̀fọ́.

Ní Kétu, omi jìn nínú ilẹ̀, nítorí náà àwọn garawa ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn jẹ́ ìnáwó gidi. Níbẹ̀, bàtà oko ló sàn jù: bàtà tí kì í kúrò nínú oko, àti ọkọ́ tí a kì í yá ẹnikẹ́ni. Oòrùn wọn pọ̀, ẹ lò ó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tú ilẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ hu ọmọ irúgbìn sí, ẹ bu omi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ ti etí rẹ̀ bọ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀rá dúdú kò gbóná tó o. Aràn gbòǹgbò dín kù gan-an, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ ni agbára ooru náà mọ. Bí ẹ bá tún ilẹ̀ náà kọ jinlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ti gbé tìsàlẹ̀ wá sókè.

Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìn sí Kétu, tòmátì ń lọ, ó ń bọ̀. Tuta absoluta, àfòpiná tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó dé Spéènì ní 2006, tó sì ba oko tòmátì jẹ́ ní Kaduna ní 2016, inú apẹ̀rẹ̀ ló fẹ́ràn láti máa wọ̀. Ẹ gbé ewé sókè kojú oòrùn. Bí ìdin bá jẹ́ ti kòkòrò ewé lásán, ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ́ kiri lẹ ó rí. Ti Tuta fẹ̀ bí àbàwọ́n, ó mọ́ bí ọ̀rá, ìgbẹ́ dúdú wà nínú rẹ̀, èso náà a sì ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ kó irú ewé àti èso bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ dì í pa, kí ẹ fi sóòrùn títí yóò fi jẹrà. Èyí tí ẹ bá kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, yóò padà fò wọlé. Òògùn òwú tí wọ́n ń bù sínú ìgò kékeré tà lọ́jà kì í ṣe ti ẹ̀fọ́. Yàtọ̀ sí ewu tó ń ṣe ẹni tó máa jẹ ẹ̀fọ́, ó tún ń pa kòkòrò tó ń bá yín jẹ ọ̀tá. Fún kòkòrò tó ń jẹ ewé, 50 gíráàmù èkùrọ́ dóńgóyárò tí a gún, sínú lítà omi kan, kó sùn mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn.

Ẹ fura sí ọmọ tòmátì etí ọ̀nà. Kóró ni kí ẹ rà, tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ hu ú fúnra yín lábẹ́ àwọ̀n. Àwọ̀n ẹ̀fọn a máa dá àfòpiná dúró, ṣùgbọ́n eṣinṣin funfun tó ń gbé àrùn ewé kíká kiri ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju 0.4 mìlímítà lọ ló lè dí i lọ́nà. Kóró tí ẹ fúnra yín tọ́jú, ẹ dì í sínú aṣọ, kó wà nínú omi 50°C fún ìṣẹ́jú 25, kí ẹ tì í bọ omi tútù, kí ẹ sá a síbòòji. Ẹ lo ẹ̀rọ ìwọn-ooru, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n: bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, kóró kú; bó bá tutù jù, àrùn yè. Kóró tó ti pẹ́ kì í fara dà á.

Ebè tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó bọ́ sí ti àgbà. Ibi tí kòkòrò pupa tín-ín-tín bíi ti aláǹtakùn ti ta okùn sábẹ́ ewé gbọ̀mà, ìgbẹ̀yìn ni, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Láti ibẹ̀, ẹ gba ilé lọ, kí ẹ fọ aṣọ náà.