Túbò nínú ọyẹ́
Ọgbà mẹkáníìkì Apo l'Abuja ni mo wà láti àárọ̀, à ń pààrọ̀ páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti fílítà wọ túbò ọkọ̀ Golf mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Oníke tó bá a wá ti sán níbi tó ti tẹ̀. Sílíkónì la fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tún ní ká yọ àpótí fílítà dànù, kí túbò lè máa súfèé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú ọyẹ́ Abuja yìí kẹ̀? Abẹ̀bẹ̀ túbò ni iyanrìn máa jẹ o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sílẹ̀. Àmọ́ kíláǹpù, wọ́n dè é pinpin: afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò ní kà á, epo ò sì ní tó o. Ọkọ̀ ti ń fà bí ẹṣin Dúbà báyìí. Ta ló ń lọ Kubwa? Ẹ̀yìn ṣófo.