Sẹ́ẹ̀lì T lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan lónìí o! Mo tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù, mo rí sẹ́ẹ̀lì T kan (ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara) tó ń rìn kiri láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ó fara kan ọ̀kan, ó dúró, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Pẹ́fórìn, ìyẹn purotéènì kan tó ń tú jáde, ló fi ń dá ihò sí i lára kí oró rẹ̀ lè ráyè wọlé. Nígbà tó yá, ara sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yẹn lé ròrò káàkiri, ó bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì T mi kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ti kọjá sọ́dọ̀ èkejì! (Oúnjẹ ọ̀sán? Ta ló rántí ìyẹn?) Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ti rẹ̀, tí wọn ò lè pa nǹkan kan mọ́, ló kàn láti wò báyìí.